Ọmọ Ládàánì àti Afíngbá Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Bí ènìyàn bá ń ti àárín Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí ìhà Ìlọrin, kí ilé tó tán, yóò rí ọgbà ìgbafẹ́ kan lápá ọ̀tún tí wọ́n ń pè ní Ìtura. Ilé àlejò wà níbẹ̀, odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó gbé orúkọ ọgbà náà jáde ni gbọ̀ngàn ńlá tó wà láàrin rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn lè jókòó síbẹ̀ kí èjìká wọn má kanra. Lónìí àwọn olùkọ́ lè máa ṣe àpérò nínú rẹ̀, lọ́la kó jẹ́ àwọn ìjọ kan láti ìlú mìíràn. Bó bá di àkókò ìpàtẹ, wọn a kó gbogbo àga kúrò, wọn a fi pátákó gé ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà sí ìsọ̀ ìsọ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà a sì rọ́ wọlé.

Raliat ló ń pín ìsọ̀ fún wọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó yára rìn, àwòrán ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà kì í kúrò lábẹ́ apá rẹ̀. Ní ilé wọn, lẹ́yìn Ọjà Igbó, ọmọ Ládàánì ni wọ́n ń pè é, nítorí bàbá rẹ̀, Alájì Yẹ̀kínì, ló ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí àdúgbò fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ohùn Alájì dùn, ó sì mọ̀ pé ó dùn. Àwọn obìnrin tó ń ná ọjà kì í wo aago. Bí wọ́n bá ti gbọ́ Yẹ̀kínì, wọ́n ti mọ ibi tí ọjọ́ dé.

Raliat kò tíì lọ́kọ. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò wá. Ẹnì kan wá láti Ìlọrin, ó ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí òun tó gbé e. Ẹnì kejì gbàgbé láti sọ pé ìyàwó ti wà nílé. Ìyá Raliat, Marufat, ti fi orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣe àdúrà títí tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àsàlátù rẹ̀ fi mọ orúkọ náà bí ẹní mọ owó.

Ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ọkọ̀ kan dí ọ̀nà tí àwọn panápaná máa ń gbà wọlé. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ẹrù ìsọ̀ kẹtàlélógún ló gbé wá. Raliat mú maikirofóònù.

"Ẹni tó ni ìsọ̀ kẹtàlélógún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé ọkọ̀ yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta tí kò sẹ́ni tó dáhùn, inú bí i, ó jù ú sílẹ̀, ó gbọ̀nà ìsọ̀ náà lọ. Ọkùnrin kan ló bá níbẹ̀ tó jókòó sórí àpótí, tó fi igbá há orúnkún, tó ń fi ọ̀bẹ ṣóńṣó fín ẹja sí i lára. Ọkùnrin náà kò gbójú sókè àfi ìgbà tí òjìji Raliat bo igbá ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọ̀gá yìí, ọkọ̀ yín dà?"

Ó ń wo ẹnu rẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ dàrú, lẹ́yìn náà ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ẹ̀gbẹ́ ètè rẹ̀. Ó fa ìwé kékeré kan yọ lápò, ó kọ nǹkan sí i, ó nà án sí i.

"Ẹ bi mí pé ọkọ mi dà," bẹ́ẹ̀ ló kọ, ó sì fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé ìwé. "Ọkùnrin ni mí o. Adití ni mí, ẹnu ènìyàn ni mo ń wò. Lórí ètè, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ojú kan náà ni wọ́n ní. Èwo lẹ ń béèrè?"

Ojú ti Raliat débi pé orí rẹ̀ gbóná. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín pa á, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di pátákó ìsọ̀ mú. Ó gba bírò, ó kọ ọ́: "Ọkọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ọkùnrin náà dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ẹni ń kí olorì, ó lọ wá awakọ̀ rẹ̀ níbi tó ti ń jẹun.

Ismaheel ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Àrùn yírùnyírùn ló gba etí rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Igbá fínfín ni iṣẹ́ bàbá rẹ̀, iṣẹ́ náà ló sì jogún.

Lọ́jọ́ kejì, ìjà dé. Ẹ̀rọ agbóhùnjáde ńlá méjì wà ní igun gbọ̀ngàn, àwọn tó gba ìsọ̀ tó súnmọ́ ọn sì ti fárígá pé orí ń fọ́ àwọn, pé àwọn kò san owó láti wá ra orí fífọ́. Raliat ń bẹ̀bẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń padà bọ̀, Ismaheel na ìwé rẹ̀ sí i.

"Mo rí ẹnu wọn láti ibí. Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀, kí wọ́n wá síbi tèmi. Gbogbo ibi ló parọ́rọ́ fún mi nínú gbọ̀ngàn yìí."

Raliat kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé àwàdà ni lóòótọ́, òtítọ́ sì ni. Wọ́n kó igbá rẹ̀ lọ sí igun náà. Ní gbogbo ìgbà tí Raliat bá ti ń sọ̀rọ̀ nínú maikirofóònù, ọkùnrin náà a fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí tábìlì tó ń gbọ̀n, a sì gbé orí sókè wá a.

Nígbà tí ìpàtẹ parí, wọ́n gba nọ́ńbà ara wọn. Iṣẹ́ ni wọ́n pè é. Raliat ní òun yóò máa sọ fún un bí ìpàtẹ mìíràn bá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìpàtẹ kì í wà lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ wọn sì ń wà lójoojúmọ́. Wọn a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ kú iṣẹ́ o", wọn a bọ́ sórí ọ̀rọ̀ igbá, wọn a bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìyá Ismaheel tó ti kú, wọn a dé orí bí Raliat ṣe kórìíra kí ènìyàn máa bi í pé ìgbà wo ni yóò lọ́kọ. Ìgbà tí "ẹ" di "o" láàrin wọn, kò sí ẹni tó rántí nínú àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Raliat bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ọ̀yọ́. Ó ń purọ́ nílé pé iṣẹ́ ló gbé òun lọ. Ismaheel a dúró dè é lẹ́nu Ọjà Akẹ̀sán, wọn a sì jọ rìn lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti mọ Olúwafèyíkẹ́mi, olùkọ́ àwọn adití tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Anti Fèyí, obìnrin kékeré kan tí ìwọ̀sí kì í wọ̀ lára, tó jẹ́ ògbufọ̀ Ismaheel bí ọ̀rọ̀ ìjọba tàbí ilé ìwòsàn bá délẹ̀. Òun ló ń kọ́ Raliat ní èdè ọwọ́. Ọwọ́ Raliat le níbẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé "ebi ń pa mí," ó sọ ohun tó mú kí Anti Fèyí bo ojú.

Ṣùgbọ́n ìdààmú wà lọ́kàn Raliat tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń bi ara rẹ̀ bó bá wà nínú mọ́tò láti Ọ̀yọ́: ṣé ìfẹ́ nìyí, àbí àánú? Bí mo bá ń káàánú rẹ̀ ńkọ́? Títí di ọjọ́ kan tí Ismaheel pẹ́ dé Akẹ̀sán ní wákàtí kan gbáko, nítorí pé ó ń tún ìrù ẹja kan ṣe lára igbá. Raliat bínú débi pé omi lé sí i lójú, ó fi èdè ọwọ́ bá a jà lójú ọ̀nà, àwọn ènìyàn ń wò wọ́n. Bó ṣe ń padà sílé ni ó rò ó pé ẹni tí à ń káàánú, a kì í bínú sí i báyìí. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ ó kù kí ó sọ nílé. Kò sọ.

Ní oṣù kejì ọdún, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan gba gbọ̀ngàn Ìtura fún àpérò ọlọ́jọ́ méjì. Raliat ti ránṣẹ́ sí Ismaheel pé kó wá, kó wá wo bí gbọ̀ngàn ṣe ń rí bí èrò bá kún un bámú. Kò mọ̀ pé wọ́n ti ní kí bàbá òun wá pe ìrun àìlà níbẹ̀. Nígbà tó jáde láti ọ́fíìsì, ó rí àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn: bàbá rẹ̀ nínú agbádá funfun, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí pèpéle, pẹ̀lú àwọn àgbà mọ́sáláṣí méjì, Ismaheel nínú bùbá tuntun, ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí wọn.

"Rali," bàbá rẹ̀ ní, "ta ni ọ̀dọ́kùnrin yìí? O mọ̀ ọ́n?"

 Raliat wo àwọn àgbà méjì yẹn.

"Oníbàárà wa kan ni, Bàbá. Ó wá wo ìsọ̀ tó fẹ́ gbà ni."

"O mọ̀ ọ́n dáadáa?"

"Rárá o. Orúkọ rẹ̀ gan-an, àfi kí n wo ìwé."

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rì sínú ariwo èrò. Ismaheel kò mọ ariwo. Raliat yíjú, ó bá ojú rẹ̀ pàdé lórí ẹnu òun. Ọkùnrin náà kò fajú ro. Ó tẹrí ba fún Alájì àti àwọn àgbà, ó yí padà, ó gba ẹnu ọ̀nà ńlá jáde.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Raliat fi kọ̀wé sí i lórí fóònù. Mẹ́séèjì ń wọlé, Ismaheel ń kà á, kò fèsì. Ní ọjọ́ kejìlá, ọjọ́ Sátidé, ó wọ mọ́tò ní Ọjà Igbó, ó lọ sí Ọ̀yọ́. Ilé Anti Fèyí ló kọ́kọ́ yà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Anti, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Anti Fèyí mi orí. "Mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀. Ẹnu rẹ lo fi ṣe é, ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi bẹ̀ ẹ́."

Ismaheel wà ní ìsọ̀. Ó rí i, ó fi àpótí ìjókòó hàn án, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Raliat kò jókòó. Ó dúró síwájú rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí Raliat mọ̀ kò tó nǹkan.

"Mo purọ́," ó fi ọwọ́ sọ. "Ojú tì mí."

"Ta ló mú ojú tì ọ́?" Ismaheel béèrè. Ó ń rọra ṣe ọwọ́ kó lè yé e. "Èmi ni?"

"Èmi fúnra mi."

Ismaheel mí kanlẹ̀. "Gbọ́, Raliat. Adití tí mo jẹ́ kò dùn mí mọ́. Ó ti pẹ́. Ohun tó rẹ̀ mí ni kí wọ́n máa fi mí pamọ́. Bàbá mi tó bí mi, bí àlejò bá dé, a ní kí n lọ sẹ́yìnkùlé. Èmi kò ní padà sí ẹ̀yìnkùlé nítorí ìfẹ́."

"N kò ní fi ọ́ pamọ́ mọ́."

"Sọ fún bàbá rẹ. Bó bá ní rárá, ó ní rárá. Ṣùgbọ́n kí o tó sọ ọ́, má padà wá."

Raliat sọ ọ́ ní alẹ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ jẹun tán. Ó kúnlẹ̀ sórí ẹní. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan irọ́ tó pa nínú gbọ̀ngàn. Bàbá rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kò já a lẹ́nu.

"Odi," ó wí níkẹyìn.

"Adití ni, Bàbá. Kì í ṣe odi."

"Ọmọ Ládàánì! Èmi tí mo ń fi ohùn pe ènìyàn wá síwájú Ọlọ́run, ọmọ tèmi ni yóò lọ kó sílé ẹni tí kò lè gbọ́ ohùn mi? Kí ni kí n sọ fún àwọn ènìyàn?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń kírun, kò sì purọ́ fún mi rí."

"Rárá," ni Alájì wí, ó sì dìde. Ó jọ pé ìbẹ̀rù wà nínú ohùn rẹ̀ ju ìbínú lọ, ṣùgbọ́n Raliat kò ráyè rò ó.

Ní ibi ìdáná, ìyá rẹ̀ bá a níbi tó ti ń fọ abọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kẹta.

"Èmi kò sọ pé rárá o," Marufat sọ. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. O ti wo ọjọ́ iwájú dáadáa?"

"Ìyá mi, àwọn méjì tó ń gbọ́ràn tó ti wá, ìgbà wo ni wọ́n gbọ́ tèmi?"

 Marufat gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nù ún.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Raliat kò bá bàbá rẹ̀ jà, kò yan odì. Ó ń kí i láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń pín ìsọ̀. Ó ti kọ̀wé sí Ismaheel pé òun ti sọ, pé ìdáhùn kò dára. Ismaheel fèsì lọ́jọ́ náà gan-an: "O ti sọ ọ́. Èyí tó kù, tèmi ni." Lẹ́yìn náà ó rán Anti Fèyí sí Marufat lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí obìnrin méjèèjì náà bá ara wọn sọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà kẹta, Marufat sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ènìyàn kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó fẹ́ wá kí ni. Alájì ní kí wọ́n máa bọ̀, pé òun yóò fi ẹnu ara òun kọ̀ ọ́ fún wọn.

Wọ́n dé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan: Ismaheel, Anti Fèyí, àti Bàbá Ọládépò, àbúrò bàbá Ismaheel. Lẹ́yìn ìkíni, Ismaheel gbé ọwọ́ sókè, Anti Fèyí sì ń sọ ọ́ jáde.

"Ó ní òun tọrọ àforíjì. Ó ní bí inú kò bá ní bí Bàbá, kí wọ́n ṣí kọ́tìnnì kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí á sì máa kọjú síra wa. Ó ní nítorí òun ni."

Raliat dìde, ó ṣí kọ́tìnnì. Oòrùn bọ́ sórí ojú gbogbo wọn. Alájì wo Ismaheel fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó gbójú kúrò.

"Sọ fún un," ó wí fún Anti Fèyí, "pé èmi kò lè fi ọmọ mi fún ẹni tí ọmọ náà yóò máa rù bí ẹrù." Ó dúró. "Bóyá kí o dín in kù díẹ̀."

"Bàbá, ẹ má bínú," Anti Fèyí dáhùn, ó fohùn sókè, ó kọjú sí i. "Èmi kì í dín in, èmi kì í fi kún un. Ohun tó bá wọ etí mi ni ọwọ́ mi ń sọ. Tí ẹ kò bá fẹ́ kó gbọ́ ọ, ẹ má wí i."

Bàbá Ọládépò wúkọ́ láti fi bo ẹ̀rín. Ojú Alájì rọ̀ díẹ̀.

"Ó dáa. Bi í pé bí wọ́n bá bímọ, tí ọmọ ń ké, ta ni yóò gbọ́?"

Ọwọ́ Ismaheel lọ, ọwọ́ rẹ̀ bọ̀. Anti Fèyí ń rọra sọ ọ́ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. "Ó ní ìyá òun dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọdún méjì kó tó kú, òun nìkan ló sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní okùn kan ni òun so mọ́ ọrùn ọwọ́ ìyá òun, òun so orí kejì mọ́ ọwọ́ ara òun. Bí ìyá bá ti fà á, òun a dìde. Ó ní ní ọdún méjèèjì, ìyá kò fà á lẹ́ẹ̀mejì rí."

 Marufat fi etí gèlè nu ojú.

"Mo ti gbọ́," Alájì wí. "Ẹ máa lọ ná. N óò ránṣẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi ránṣẹ́. Raliat rò pé ó ti parí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun alaásárì, bàbá rẹ̀ pè é sí ìdí igi máńgòrò tó wà nínú agboolé, níbi tí Marufat ti jókòó.

"Jókòó. Jókòó síwájú mi, kí n lè rí ẹnu rẹ."

Raliat jókòó.

"Ó ti lé ní ọdún kan tí etí mi ti ń lọ," Alájì sọ. "Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní báyìí, bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, kò sí ìyàtọ̀ láàrin rẹ̀ àti afẹ́fẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni kí ládàánì sọ pé ó ṣẹlẹ̀ sí etí òun?"

"Èmi náà kò mọ̀ o," Marufat dá sí i. "Mo rí i pé ó ń tẹjú mọ́ mi lẹ́nu ní gbogbo ìgbà, mo rò pé ìfẹ́ ìgbà èwe ló padà dé."

Ẹ̀rín mú Alájì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ní gbọ̀ngàn yín, wọ́n pe orúkọ mi láti wá pe ìrun. Wọ́n pè é, wọ́n pè é, n kò gbọ́. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ló fọwọ́ kàn mí léjìká, tó fi ojú tọ́ka sí pèpéle. Mo wò ó, ó wò mí. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè lọ́wọ́ rẹ pé ta ni. Nígbà tí o wá sọ fún mi pé òun ni o fẹ́ fẹ́, Rali, mo fẹ́ kó jìnnà sílé yìí. Ẹni tó mọ àṣírí mi ni."

"Bàbá..."

"Jẹ́ kí n parí. Ó wọ pálọ̀ mi. Mo bú u. Gbólóhùn kan péré ló nílò: kó ní, 'Alájì, ẹ̀yin náà ńkọ́?' Kò wí i. Ó ní kí ẹ ṣí kọ́tìnnì, kí ẹ kọjú síra, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó ní nítorí òun. Òun tí ògbufọ̀ rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀! Ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ àkọ́kọ́ láàrin ọdún kan tí mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ nínú ilé mi." Ó nu ojú. "Mo lọ bá a ní Ọ̀yọ́ ní Tọ́sìdé tó kọjá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ fún ìwọ gan-an. Ó kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ tòun kọ́, pé ẹni tó ni ín ni yóò sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá wù ú."

 Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn tí Raliat fi ń bá Ismaheel kọ̀wé, ọkùnrin náà kò sọ ọ́ fún un rí.

"Ẹni tó rí ìhòòhò mi tó sì bò mí láṣọ," Alájì wí, "bí n kò bá fi ọmọ fún irú rẹ̀, ta ni kí n fún? Ránṣẹ́ sí wọn. Kí wọ́n wá mú ọjọ́."

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, Alájì sọ fún mọ́sáláṣí pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa pe ìrun. Ó ní àgbà ti dé. Wọ́n gbà, wọ́n yìn ín. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ní Sátidé méjìméjì, Ismaheel ń wá láti Ọ̀yọ́, àwọn méjèèjì a sì jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀kan ń fi ọwọ́ kọ́ni, èkejì ń ṣàṣìṣe, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Anti Fèyí kò bá a wá mọ́. Ó ní bí ojú bá ti mọ ojú, alárinà a yẹ̀bá.

Nígbà tí ọjọ́ yìgì súnmọ́, ọ̀gá James, máníjà gbọ̀ngàn, pe Raliat sí ọ́fíìsì. Ó ní ẹni tó ti to àga fún ayẹyẹ gbogbo ayé kò gbọdọ̀ lọ ṣe tirẹ̀ níbòmíràn. Ó ní kó mú gbọ̀ngàn ńlá. Raliat dúpẹ́, ó mú yàrá àpérò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí kò gbà ju ọgọ́rin ènìyàn lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló to àga rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Kò tò ó ní ìlà bí ti àpérò. Ó tò ó yí ká, kí kálukú lè rí ojú kálukú.

Àárọ̀ Sátidé ni, oòrùn wọlé láti fèrèsé méjèèjì. Àwọn ará Ọ̀yọ́ jókòó lápá kan, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ lápá kejì, àwọn ọ̀rẹ́ Ismaheel tó jẹ́ adití wà láàrin, ọwọ́ wọn kò sinmi. Alfa Mashood ló so yìgì náà. Ó ka ohun tó yẹ kó kà, ó bi Raliat, Raliat ní òun gbà. Ó yíjú sí Ismaheel. Ẹnì kan lẹ́yìn rọra béèrè bóyá yìgì a máa so bí ọkọ kò bá fi ẹnu wí i.

"Ẹni tí Ọlọ́run fún ní ọwọ́ sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀," Alfa Mashood dáhùn. "Ọlọ́run ń gbọ́ ọ. Ọmọ mi, ṣé o gbà á?"

Ismaheel dìde. Kò yára. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sọ ọ́, ó sì wo Raliat bó ṣe ń sọ ọ́. Ohùn Anti Fèyí, tí kò mì rí, mì díẹ̀ nígbà tó sọ ọ́ jáde. Gbogbo yàrá hó, "Àlùhámùdù lílàhì!" Àwọn adití gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń mi ìka bí ewé.

Láàrin ariwo náà ni Alájì Yẹ̀kínì ti wo ọ̀tún, tó wo òsì. Ismaheel ti yíjú sí Raliat nígbà tó ń sọ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni Alájì rí níbi tó jókòó sí, ariwo sì ti gbé ohùn Anti Fèyí lọ.

"Kí ló wí?" ó béèrè. Ó pariwo rẹ̀, bí ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ dáadáa. Yàrá pa rọ́rọ́. Àwọn àgbà mọ́sáláṣí yíjú wò ó. Alájì wò wọ́n padà, kò sì tẹrí ba. "Etí mi ti lọ," ó sọ fún wọn, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. "N kò gbọ́ ohun tí ọmọ mi wí. Kí ẹnì kan bá mi sọ ọ́."

Raliat dìde láàrin àwọn obìnrin. Ó gba àárín yàrá kọjá pẹ̀lú aṣọ ìyàwó lọ́rùn, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ gbé pọ̀. Kò la ẹnu. Ó fi ọwọ́ sọ ọ́ fún un bí Ismaheel ṣe sọ ọ́, ó fara balẹ̀, kò fo ọ̀kankan.

Alájì ń wo ọwọ́ náà títí tó fi dúró. Ó gbójú sókè, ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀ ní òdìkejì yàrá, ó sì mi orí sí i.

"Ó dáa," ó ní. "Mo ti gbọ́."